Gbogbo ohun tó bá ti ní àwọ̀ ewé kọ́ ni spirulina o, Olóòtú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín ní Kubwa níbí, lọ́wọ́ bàbá kan tó máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sí Wuse. Ọjọ́ tí mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ láti ìlú wa bá pẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ìrọ̀lẹ́ la máa ń rí i rà, a ó sì rà á náà, torí ibo la tún ti fẹ́ rí Yorùbá kà ní Abuja yìí. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi kọ èyí ni nǹkan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lójú ewé ìlera, níbi tí arábìnrin tó kọ ọ́ ti ní ewé omi tí òyìnbó ń pè ní spirulina ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìrọ́mọbí àti ojú tó ń ṣú, tó wá fi kún un pé kò yẹ ká máa náwó ra èyí tó ti òkè òkun wá, pé ohun kan náà ló ń hù sínú kànga àti adágún odò wa, ká ṣáà ti fi aṣọ sẹ́ ẹ, ká sá a sóòrùn, ká lọ̀ ọ́, ká máa bù ú sínú ògì.

Èyí tó ní ká lọ sẹ́ ewé adágún yẹn ló lé oorun lójú mi.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: lábù báyọ́lọ́jì ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń nu máíkírósíkóòpù, èmi ni mò ń bu omi gọ́tà fún àwọn ọmọ láti wò, èmi náà ni wọ́n máa ń bú tí ọ̀pọ̀lọ́ bá sá jáde nínú àpótí. Mi ò kì í ṣe dókítà, mi ò kì í ṣe púrófẹ́sọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kó àwọn máíkírósíkóòpù àtijọ́ dànù, mo ra ọ̀kan, ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, omi ló sì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbin ewé omi, kó tó jẹ ẹ́, kó tó tà á fún ọmọ ọlọ́mọ, kó kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ti ewé omi tiẹ̀ le ju ti ọmọ lọ, torí ilé yẹn lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ọmọ, omi tó ti di àwọ̀ ewé lójú yín ti lè ní irú nǹkan bí ogún nínú tí wọn ò bá ara wọn tan rárá.

Tíṣà kan wà ní ilé ìwé wa nígbà náà tó jẹ́ pé ohun tó máa ń kọ sí bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún ni pé algae, ìyẹn ewé omi, ni ewéko tí kò ní gbòǹgbò, tí kò ní igi, tí kò ní òdòdó, ó tán. Kò purọ́, àmọ́ ó dà bí ìgbà téèyàn bá ní gbogbo ohun tó ń fò ni ẹyẹ, tó wá kó àdán àti labalábá pọ̀ mọ́ àṣá. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ pín wọn lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání ni ará Ireland kan, William Henry Harvey, ní 1836, àwọ̀ ara wọn ló fi pín wọn, pupa lọ́tọ̀, búráùn lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Ẹ lè rò pé ọgbọ́n ọmọdé nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oòrùn jẹ, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Chlorella tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀, klorofíìlì, ìyẹn àwọ̀ ewé, tó wà nínú ewédú ló wà nínú òun náà. Àwọn diatom ní tiwọn, inú ilé gíláàsì ni wọ́n ń gbé, gíláàsì gidi, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà tiẹ̀ lára. Tí wọ́n bá kú, ilé yẹn á rì sísàlẹ̀ adágún, á di erùpẹ̀ funfun fúyẹ́fúyẹ́. Irú erùpẹ̀ yẹn wà nílẹ̀ ní Bularaba ní ìpínlẹ̀ Yobe, irú rẹ̀ náà ni Alfred Nobel pò mọ́ èròjà tó ń bú gbàmù tó fi di dáínámáìtì tó gbàwé àṣẹ fún ní 1867. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ewé omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ nìkan.

Spirulina wá ńkọ́? Kì í tiẹ̀ ṣe ewéko. Bakitéríà ni. Kò ní yàrá inú tí ewéko máa ń tọ́jú DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìran rẹ̀, sí, àmọ́ ó ń lo oòrùn bí ewé ṣe ń lò ó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á mọ́ ewéko fún ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á gan-an kì í ṣe orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín in, Spirulina tòótọ́ jẹ́ nǹkan míì tó tín-ínrín jù ú lọ. Arthrospira ni wọ́n ń pe èyí tí à ń jẹ, nígbà tó di 2019 àwọn kan ka DNA rẹ̀, wọ́n ní ó yẹ kó kúrò níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Limnospira. Ó dà bí ọmọ Abuja kan tó ń jẹ́ Sunday nínú ìwé, tó ń jẹ́ Abíọ́sẹ̀ nílé, tí àwọn ará àdúgbò wá ń pè ní Danladi. Ẹni kan náà ni o, ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá bá ń wá a, ẹ ó mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe eré.

Ibi tó wá kàn mí lọ́kàn rèé. Spirulina ní ìbátan kan tó ń jẹ́ Microcystis. Bakitéríà lòun náà, ó ń lo oòrùn, ó ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ búlúù. Tí oòrùn bá mú, tí omi ò ṣàn, tí ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ oko bá ti wọ́ wọnú adágún lásìkò òjò, ṣe ló máa lékè omi, á bò ó bí ẹni da ọ̀dà sí i. Ojú oró ní í lékè omi, ọ̀ṣíbàtà ní í lékè odò, àdúrà la fi ń ṣe, àmọ́ èyí tó lékè yìí kì í ṣe ohun àdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú ìran rẹ̀ ló ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní microcystin, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló máa ń bá jà. Sísè ò pa á. Ẹni tó bá bù ú sínú ògì gbígbóná, májèlé gbígbóná ló mu. Ní 1996, ní ìlú Caruaru ní Brazil, ibì kan tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ lo omi tó wá láti adágún tí irú nǹkan báyìí ti hù, èèyàn tó lé ní 50 ló bá a lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé tiẹ̀ fi òdiwọ̀n sí i, pé nínú lítà omi mímu kan, microcystin ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan lọ. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ní kó lọ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kó lọ̀ ọ́ lẹ́bú.

Tí ẹ bá fi máíkírósíkóòpù wò ó, spirulina dà bí irin spíríǹgì inú bírò, ó yí, ó gùn. Microcystis dà bí ẹni da hóró jéró sínú èkọ tó dì, róbótó róbótó tí wọ́n kóra jọ. Ọmọ tó wà ní JS3 máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Kódà máíkírósíkóòpù mi ò lè sọ fún mi bóyá Microcystis tí mo rí jẹ́ èyí tó ní májèlé tàbí èyí tí kò ní, lábù gidi ló lè sọ ìyẹn, torí náà ìmọ̀ràn mi ni kéèyàn sáré kúrò nídìí gbogbo wọn.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń sin ẹja àrọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ìwé yín jáde ló gbé ìgò omi wá bá mi, ó ní "Bàbá Tóbi, ẹ wá bá mi wò ó, owó ti wọlé, spirulina ti kún inú pọ́ńdì mi." A wò ó. Scenedesmus ló pọ̀ jù níbẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ra bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, àwọn kan ní ìwo lápá òsì àti ọ̀tún. Euglena wà níbẹ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ní ojú pupa kékeré kan, tí oòrùn bá wà á ṣe bí ewéko, tí kò bá sí á máa wá nǹkan jẹ. Diatom wà níbẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Spirulina ẹyọ kan ṣoṣo ò sí. Inú ọkùnrin náà ò dùn, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó wọn lọ.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé spirulina kì í ṣe nǹkan àjèjì ní apá òkè ọya yìí. Tí ẹ bá ti Borno sọdá adágún Chad lọ sí òdì kejì, sí ilẹ̀ Kanem, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń kó o jẹ tipẹ́tipẹ́. Dihé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á bù ú láti inú àwọn adágún kéékèèké, wọ́n á dà á sórí yanrìn kí omi rẹ̀ lè ró, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, oòrùn á gbẹ ẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á gbé e lọ ọjà, ẹni tó bá rà á á fi se ọbẹ̀ tó fi máa jẹ túwó jéró. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Dangeard kọ nípa rẹ̀ ní 1940, láti ara èyí tí wọ́n rà ní ọjà Massakory, ogun ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ìgbà tí ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Jean Léonard, tún bá a pàdé lọ́jà ní nǹkan bí 1964 ni ayé tó wá gbọ́. Pírótéènì tó wà nínú rẹ̀ tó bá gbẹ, nǹkan bíi 55 sí 70 ni nínú 100. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ò ní máíkírósíkóòpù, òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n mọ adágún wo, wọ́n mọ òórùn rẹ̀, wọ́n mọ àwọ̀ rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá wọn, wọn ò kàn bu omi tí wọ́n bá rí.

Kí ló wá dé tó jẹ́ ibẹ̀ ló fẹ́ràn? Kán-ún ni o! Kán-ún tí ìyá yín fi ń se ẹ̀wà, tí ẹ fi ń yọ ilá, ṣebí òkè ọya ló ti ń wá, agbègbè adágún Chad yẹn sì jẹ́ ojúkò rẹ̀. Omi tí kán-ún ti wọ̀ máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ, ohun tó bá máa gbé inú rẹ̀ ò pọ̀, ẹja ò fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ewé omi ò fẹ́ ẹ. Spirulina ló jókòó síbẹ̀ bí ọba. Ìgbà tí mo mọ̀yí, ọjọ́ kẹta ni mo tó lè jẹ ẹ̀wà láìrẹ́rìn-ín. Kán-ún yẹn ni ògiri ilé rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, ògiri yẹn ló máa kọ́kọ́ mọ.

Èmi náà gbìyànjú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kí ẹlòmíì má bàa jìyà tí mo jẹ. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ní lábù kan ní Zaria fún mi ní irúgbìn tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀, inú ìgò omi ló wà, lítà kan. Mo gbé e wọ rélùwéè ní Rigasa, mo tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kó lè mí, mo gbé e sórí itan títí mo fi sọ̀ ní Kubwa. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá àgbo ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí àlàyé á gùn jù.

Omi rẹ̀, ọgbọ́n Zarrouk ni mo lò, ìyẹn ọ̀nà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ sílẹ̀ ní 1966 tí àwọn èèyàn ṣì ń tẹ̀lé: 16.8 gíráàmù bekinsódà sínú lítà omi kan, 2.5 gíráàmù sódíọ̀mù náítíréètì, iyọ̀ gíráàmù kan, àti àwọn èròjà míì ní tíntìntín, irin wà níbẹ̀, magnesium wà níbẹ̀. Ẹ má lọ da kán-ún ọjà sí tiyín o, erùpẹ̀ àti oríṣiríṣi nǹkan wà nínú rẹ̀, spirulina sì máa ń fa òjé àti irú wọn mọ́ra, ohun tó bá fà lẹ ó jẹ. Abọ́ rọ́bà ńlá mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, mo tò wọ́n sẹ́yìnkùlé. Ìyá Tóbi wò ó títí, ó ní, "Bàbá Tóbi, ọbẹ̀ ta lẹ ń sè síta yìí?"

Oṣù March ni. Oòrùn Abuja nínú oṣù March, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo da irúgbìn díẹ̀ sínú omi púpọ̀, mo gbé e sóòrùn gbangba, torí mo ṣáà ti kà á pé oòrùn ló ń jẹ. Ọjọ́ kejì ó ti di yẹ́lò, ọjọ́ kẹta ó ti funfun. Oòrùn ló pa á. Tí wọn ò bá tíì pọ̀, kò sí ẹni tó máa ṣíji bo ẹnì kejì rẹ̀, gbogbo wọn á jóná. Níṣe ló yẹ kí n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí n máa bu omi kún un díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló tún burú. Ẹnì kan tó ń dáko àgbàdo lápá Gwagwalada ní náítíréètì ti wọ́n jù, ó bu yùríà fún mi, ó ní òun kan náà ni. Kì í ṣe òun kan náà. Nínú omi tó yọ̀ bí ọṣẹ yẹn, yùríà tó bá pọ̀ jù á di amóníà. Òórùn ìtọ̀ ló jí wa láàárọ̀, aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá bóyá ṣaláńgá wa ti kún. Gbogbo rẹ̀ kú.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yè, ó dára, ó dúdú mìnìjọ̀, mo ń fi ìgbálẹ̀ tuntun rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ kí ó má bàa lékè kí oòrùn jó o. Àwọn tó ń ṣe é fún títà, inú pọ́ńdì gbọọrọ tó ń yípo ni wọ́n ń ṣe é, tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lọ, tí àjẹ̀ tí ẹ̀rọ ń yí ń tì í kiri tọ̀sán tòru. Mo ti ń fẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́. Òjò wá dé, mi ò sí nílé, kò sẹ́ni tó bò ó. Òjò là á, bekinsódà inú rẹ̀ fúyẹ́, ògiri wó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, abọ́ náà ṣì ní àwọ̀ ewé, ó tiẹ̀ ń dán sí i, Ìyá Tóbi ní ó ti wá dára báyìí. Mo bu ẹ̀kán kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù: róbótó kéékèèké ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, spíríǹgì mi ò ju mẹ́fà lọ. Ewé omi míì ti wọlé, ó ti gba ilé. Ká ní mi ò wò ó, màá ti sẹ́ ẹ, màá ti gbẹ ẹ, màá ti fún ọmọ ọmọ mi jẹ, màá máa pè é ní spirulina. Irú róbótó yẹn náà ló ń da àwọn onímọ̀ láàmú, wọ́n ti fi ojú máíkírósíkóòpù pe oríṣiríṣi róbótó ní Chlorella láti ìgbà tí onímọ̀ ará Netherlands kan, Beijerinck, ti yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ ní 1890, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka DNA ni wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bá ara wọn tan, wọ́n lé wọn jáde nínú ẹbí. Tó bá jẹ́ pé àwọn náà ń ṣì í, kí wá ni ti èmi àti arábìnrin inú ìwé ìròyìn?

Mo tún un ṣe, ó ń lọ báyìí. Tí ọyẹ́ bá mú lóru, kì í dàgbà, ó fẹ́ kí omi rẹ̀ gbóná tó 35 lórí ìwọ̀n Celsius. Láàárọ̀ ni mo máa ń sẹ́ ẹ. Ohun tí mò ń rí gbẹ nínú abọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ò kún ìkúnwọ́ méjì. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá fowó sí iṣẹ́ spirulina, pé á sọ yín di olówó kí ọdún tó parí, ẹ bá mi kí i.

Ní ti spirulina lílọ̀ tí wọ́n ń tà, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní ògidì ni. Mo bu síbí kan sínú omi tútù, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Spirulina tó bá dáa, ṣe ni omi yẹn máa di aró, búlúù bí aró Kòfà Mátà ní Kano, phycocyanin ni wọ́n ń pe àwọ̀ yẹn, ní 2013 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi kun súìtì àti ṣíńgọ́mù. Tèmi ò di aró o, ó kàn di omi ewé tó pọ́n díẹ̀, ó dà bí ewé igi kan tí wọ́n gbẹ tí wọ́n lọ̀. Ó lè jẹ́ pé spirulina ni tí iná ti jó ní gbígbẹ, torí ooru tó bá ti ju 60 lọ máa ń ba àwọ̀ yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wù kó jẹ́, owó mi ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún rò pé tó bá ti di aró ó ti parí: Microcystis náà ní búlúù yẹn lára. Aró á sọ fún yín pé kì í ṣe ewé gbígbẹ lásán, kò ní sọ fún yín pé kò ní májèlé. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike rẹ̀, ẹ sì bi ẹni tó ń tà á pé ibo ló ti gbìn ín àti lọ́wọ́ ta ló ti gba irúgbìn. Ẹni tó bá gbìn ín lóòótọ́ á fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ wo èmi.

Ti pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti àìrọ́mọbí, oúnjẹ ni o, oúnjẹ tó dáa gan-an, kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ dá oògùn tí dókítà fún un dúró. Kódà fítámì B12 tí wọ́n máa ń fi polówó rẹ̀ fún àwọn tí kì í jẹ ẹran, ayédèrú B12 ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara ènìyàn ò lè lò ó.

Àwọn ewé omi míì wà tó yẹ kí ojú ewé ìlera yín sọ nípa wọn. Dunaliella salina tó ń gbé inú omi iyọ̀, ó lè kó beta-carotene, ohun tó ń pọ́n nínú kárọ́ọ̀tì, tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ tó bá gbẹ, ó wà lára ohun tó ń mú kí àwọn adágún iyọ̀ kan pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Haematococcus, tó lè hù sínú omi òjò tó dúró sínú àwo, òun ni wọ́n ti ń yọ astaxanthin, irú àwọ̀ pupa tó wà lára ẹja salmon. Èyí tó yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni pé ìgbà tí ìyà bá ń jẹ wọ́n ni wọ́n ń ṣe é. Tí ẹ bá bọ́ wọn dáadáa, tí ẹ fún wọn ní ibòòji, àwọ̀ ewé ni wọ́n máa ní, wọ́n á kàn máa bí sí i. Àfìgbà tí ẹ bá fi oúnjẹ dù wọ́n, tí ẹ gbé wọn sí oòrùn líle, ni wọ́n máa tó pọ́n, ẹ̀wù ìbora ni àwọ̀ yẹn jẹ́ fún wọn. Nítorí náà ìpele méjì ni àgbẹ̀ wọn ń ṣe, á kọ́kọ́ kẹ́ wọn, á wá fìyà jẹ wọ́n. Oòrùn tó ń fìyà jẹ àwa ní Sokoto àti Maiduguri, tó ń kọjá 40, nǹkan tí àwọn kan ń wá kiri nìyẹn. Òróró DHA tí wọ́n ń fi sínú mílíìkì ọmọ ìkókó náà, inú ewé omi kan tó ń jẹ́ Crypthecodinium ni wọ́n ti ń yọ ọ́, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń fi ṣúgà bọ́ ọ, kò tiẹ̀ fẹ́ oòrùn. Kálukú pẹ̀lú èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ ò lè mọ èèwọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fi ní ilé ìtọ́jú irúgbìn ewé omi, ọ̀kan wà ní Texas, ọ̀kan wà ní Scotland, ọ̀kan wà ní Göttingen ní Jámánì, ìgò kéékèèké lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, kálukú pẹ̀lú orúkọ, ibi tí wọ́n ti bù ú àti ọjọ́ tí wọ́n bù ú. Adágún Chad tó ti gbẹ púpọ̀ ju bó ṣe wà ní àwọn ọdún 1960 lọ, ṣé ẹja nìkan ló bá a lọ ni? Ó wù mí kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní òkè ọya níbí bu ohun tó wà ní àwọn adágún oníkán-ún yẹn, kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, kí wọ́n tọ́jú wọn, kí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lè rí irúgbìn tó mọ́ rà bí àgbẹ̀ ṣe ń ra irúgbìn àgbàdo, kó má jẹ́ pé inú rélùwéè ni bàbá arúgbó á ti máa gbé ìgò lé itan, tí yóò máa pè é ní àgbo.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin, Olóòtú, kò le. Ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, lójú ewé kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bíi ti àkọ́kọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sẹ́ ewé orí kànga tàbí ti adágún jẹ. Ó lè ti pẹ́ fún àwọn kan, àmọ́ ó ṣì dáa ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Ní ti arábìnrin tó kọ ọ́, mi ò bá a jà rárá, ó kọ̀wé dáadáa, èdè rẹ̀ sì dùn. Tó bá wá sí Abuja, kó bu omi kànga rẹ̀ sínú ìgò bọ̀, ọjọ́ Sátidé ló dáa jù, ká jọ wò ó. Ìyá Tóbi ní òun á se ẹ̀wà, kán-ún á sì wà nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Tóbi,
Kubwa, Abuja.